BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ NÍLÉ

 Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ má kánjú. Ẹ máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Ìwé kì í sá lọ.

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí dá lórí ọkọ̀ àtijọ́. N kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá tí ó ń sáré kọjá lọ sí Ìgólò pẹ̀lú fèrèsé títì. Ọkọ̀ tí mo ń wí ni èyí tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìn ilé yín: Peugeot 404 tàbí 504, èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní báṣée. Òun ni ó ń gbé epo pupa, gàrí àti àgbàdo láti oko wá sí ọjà. Bàbá lò ó títí, ó fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn ẹlòmíràn ti tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ó dùn mí, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni ìbá ṣì máa rìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín rìn jìnnà díẹ̀. Erékùṣù kan wà nínú òkun, kò jìnnà sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kúbà ni orúkọ rẹ̀. Ní ayé òwò ẹrú, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ síbẹ̀. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń fi èdè wa kọrin sí Ṣàngó àti Yemọja títí di òní. Kí ọdún 1959 tó dé, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni ó kún ìgboro Havana, olú ìlú wọn: Chevrolet, Ford, Buick, Cadillac. Ní 1959, ìjọba yí padà. Ní 1960, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwò pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 1962, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pátápátá. Ọkọ̀ tuntun kò wọlé láti Amẹ́ríkà mọ́. Súpéè pàátì kò wọlé mọ́.

Kí ni àwọn ará Kúbà ṣe? Wọ́n tún ti ọwọ́ wọn ṣe ni. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, wọ́n wá ẹ́ńjìnnì dísù láti ara ọkọ̀ Rọ́ṣíà tàbí ti ibòmíràn, wọ́n gbé e sínú rẹ̀. Súpéè tí wọn kò rí rà, wọ́n rọ ọ́. Títí di 2011, òfin ibẹ̀ kò gba ará ìlú láàyè láti máa ra ọkọ̀ kí ó sì máa tà á bí ó ti wù ú, àfi ọkọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyípadà ìjọba yẹn. Nítorí náà ọkọ̀ àtijọ́ di ogún ìdílé. Chevrolet tí wọ́n ṣe ní 1955 ṣì ń gbé èrò ní Havana. Ọkọ̀ náà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lọ. Wọn kì í ṣe oṣó. Wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ wọn ni.

Tiwa tilẹ̀ rọrùn ju tiwọn lọ. Ní 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969, wọ́n yàn án ní ọkọ̀ tí ó dára jù lọ ní ọdún náà ní Yúróòpù. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń tò ó níbẹ̀ títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Ìdí nìyí tí súpéè rẹ̀ fi tàn ká, tí àwọn mẹ́káníìkì wa fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko.

Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì 404 àti 504 tí ń lo bẹntiróòlù tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ihò mẹ́rin ni písítìnì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú wọn. Wọn kò gbẹ́ ihò náà mọ́ ara irin ńlá. Irin róbótó kan tí ó ṣe é yọ ni wọ́n kì bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ṣẹmíìsì ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé, ìyẹn ni ẹ̀wù. Nígbà tí ó bá jẹ, mẹ́káníìkì yóò bọ́ ẹ̀wù àtijọ́, yóò sì wọ tuntun fún un. Kò ní láti ju ẹ́ńjìnnì nù. Nítorí náà bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì 504 yín ti kú, kí ẹ lọ tà á ní irin àlòkù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, ṣé ẹ̀wù rẹ̀ ni ó gbó ni, àbí irin ńlá ni ó fọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ ni ó dára jù, kí ẹ tó tan ọkọ̀, nígbà tí ó wà lórí ilẹ̀ títẹ́. Ẹ fa irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á yọ. Àmì méjì wà lára rẹ̀. Àárín méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, ẹ má tan ọkọ̀. Bí ó bá sì kọjá àmì òkè, èyí náà kò dára, ẹ fa díẹ̀ kúrò. Bí ọ́ìlì bá funfun bí kọfí tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má tàn án rárá. Ẹ pe mẹ́káníìkì.

Ọ̀nà wa jẹ́ ọ̀nà eruku. Nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì bí ọkọ̀ bá ti rìn kìlómítà 5000, kí ẹ sì pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 504 ń gba nǹkan bí líta 4. Ẹ da àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e. Ẹ má dà á sí ẹ̀bá kànga. Omi tí ọ́ìlì bá ti bọ́ sí kò ṣe é mu mọ́, kò sí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi fà á tí yóò fi mọ́.

Omi rédíétọ̀ ńkọ́? Ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìkan. Omi tí ó gbóná nínú rédíétọ̀ dà bí ìkòkò tí a dé pa: bí ẹ bá ṣí i, yóò tú lu yín lójú. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi fún ó kéré tán ìdajì wákàtí. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí orí ẹ́ńjìnnì náà, irin fúyẹ́ ni, ó lè là. Omi òjò tí ẹ gbè láti orí páànù tí ó mọ́ sàn fún rédíétọ̀ ju omi kànga lọ.

Báàtìrì kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ bo àwọn páànù inú rẹ̀, omi tí wọ́n ń tà fún báàtìrì ni kí ẹ lò. Ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn, ó ń mú afẹ́fẹ́ tí ń gbiná jáde. Asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Ìpẹta, ẹ ká rọ́ọ̀gì abẹ́ ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìn òjò kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ibi tí ó bá ti ń pọ́n, ẹ fi yanrìn ha á títí irin yóò fi dán, kí ẹ tó kùn ún ní ọ̀dà.

Èéfín tún ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá fetí sí i. Bí ọkọ̀ bẹntiróòlù bá ń yọ èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá dúdú, bẹntiróòlù ti pọ̀ jù, tàbí kí asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá funfun tí kò dá, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù lójoojúmọ́, ẹ má fi oògùn ọ̀nà ọjà dí i. Ó fẹ́ kí a ṣí orí rẹ̀.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ bírékì. Ibí yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1986, ọmọ ọdún 14 ni mí. Àbúrò bàbá mi ní 504 báṣée kan. Bàbá kékeré ni mo ń pè é. Èmi ni mo ń fọ ọkọ̀ náà, èmi ni mo ń bu omi sí i. Mo ń ṣe bí ọ̀gá mẹ́káníìkì láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Ní ọjọ́ kan mo ṣí ìdérí ike kékeré kan tí ó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mo rò pé ọ́ìlì ni. Mo bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, mo dà á sí i títí ó fi kún. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Lójú tèmi, iṣẹ́ rere ni mo ṣe.

Ike náà kì í ṣe ti ọ́ìlì. Ti omi bírékì ni. Àwọn rọ́bà kéékèèké wà nínú bírékì, àwọn ni wọn kì í jẹ́ kí omi rẹ̀ jò. Rọ́bà wọ̀nyí kò lè gba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kàn wọ́n, wọn yóò wú bí gàrí tí a rẹ sómi. Ní ọjọ́ kejì, bírékì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbóná, ó ń rùn. Bàbá kékeré sọ pé eruku ni. Èmi gan-an dúró níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ ọjà ni. A gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa, àwọn ìyá mẹ́rin sì jókòó lórí ẹrù. Níbi tí ọ̀nà gbé yà, Bàbá kékeré tẹ bírékì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kan ilẹ̀ ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yí ọkọ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Kẹ́ẹ̀gì fọ́, epo ṣàn. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá kan jábọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán sí ọ̀nà méjì.

Nígbà tí mẹ́káníìkì tú bírékì náà, ó fi rọ́bà hàn wá. Ó ti wú, ó rọ̀ bí ẹja tí a sè jù. Ó bèèrè pé, "Ta ni ó da ọ́ìlì sí èyí?" Ìgbà yẹn ni mo tó sọ. Bàbá kékeré kò nà mí. Ó wò mí, ó sì sọ pé, "Ṣé ìwọ náà ni o dúró nígbà tí mo ń sọ pé eruku ni?" N kò rí ìdáhùn.

Apá ìyá náà kò nà tán mọ́. Àkàrà ni ó ń tà. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń gbé àkàrà lé mi lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà, yóò sì sọ pé, "Má bínú ọwọ́ òsì o, ọmọ mi." Òun ni ó ń bẹ̀ mí. Ó kú ní 2009.

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí n kò lè kà nígbà náà. Lára ìgò omi bírékì, wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta: D, O, T. Nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e. DOT 3 tàbí DOT 4 ni ẹ ń wá. Bí ẹ kò bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí, ẹ má dà á sí ike bírékì. Kì í ṣe ọ́ìlì, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í ṣe omi ọṣẹ. Lára ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, lẹ́tà mìíràn ni ẹ óò rí: S, A, E. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé yín, kí ẹ fi han àwọn ọmọ tí ń bá yín fọ ọkọ̀.

Omi bírékì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ lórí àtẹ. Ní ọdún méjì-méjì, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì da gbogbo rẹ̀ nù, kí ó fi tuntun sí i. Bí ó bá ń dínkù nínú ike, ẹ má kàn máa kún un lásán. Ó lè jẹ́ pé bírékì ti jẹ tán, tàbí pé ó ń jò. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó tutù. Ní àràárọ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bírékì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ọ̀kan títí dé ọgbọ̀n. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú bírékì àtijọ́. Wọ́n máa ń fi asbestos ṣe bírékì láyé ìgbà yẹn. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pẹ́ tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí àìsàn rẹ̀ tó jáde. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ó ku bẹntiróòlù. Ẹ̀yin náà mọ kpayo, ẹ kò nílò kí n ṣàpèjúwe ìgò ẹ̀bá ọ̀nà fún yín. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó rẹ̀ ti fò sókè, àwọn kan sì ń lú u. Bí ẹ bá rà á, ẹ jẹ́ kí ìgò dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò wà, ẹ óò rí ìlà rẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó mọ́ sẹ́ ìyókù.

Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó irú epo yìí sí ní Sèmè-Kraké. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè. Ilẹ̀ ni ó ń rá pálá lọ, títí yóò fi dé ìdí àdògán tí ìyàwó yín ń dáná lé. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tú kábúrétọ̀ láti fọ̀ ọ́, ẹ gbé e jáde, ẹ jìnnà sí ilé ìdáná, kí ó sì jẹ́ ojú ọ̀sán, kì í ṣe pẹ̀lú fìtílà. Ẹ gbé garawa yanrìn sí tòsí. Omi kì í pa iná bẹntiróòlù, ńṣe ni ó ń gbé e kiri.

Ẹ má sì fi ẹnu fa bẹntiróòlù láti inú tánkì. Bí ọmọdé tàbí àgbà bá gbé e mì, ẹ má fi epo pupa mú un bì, bí a ti máa ń ṣe. Bí ó bá ń bì, bẹntiróòlù náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, èyí ni ó sì ń pani. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, jáàkì nìkan kò tó. Jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò wà fún dídúró. Ẹ fi gẹdú igi líle tí ó fẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Búlọ́ọ̀kù kì í sọ fúnni tẹ́lẹ̀ kí ó tó fọ́. Kí ẹ tó wọlé, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mi ọkọ̀ náà gidigidi. Bí ó bá fẹ́ ṣubú, kí ó ṣubú nígbà tí ẹ wà lóde.

Bírékì, irin ìdarí, àti ṣíṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́. Owó tí ẹ bá san fún un níbẹ̀ kò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, kí ẹ wo ohun tí ó yọ àti ohun tí ó fi sí i, kí ẹ sì gba èyí tí ó yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá kékeré kò mọ̀wé. Èédú ni ó fi ń fa ìlà sára ògiri ní gbogbo ìgbà tí ó bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ̀yin ti mọ̀wé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi í sínú ọkọ̀ pẹ̀lú báírò. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ 4, oṣù 3. Kìlómítà 81 200. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì, líta 4. Mo pààrọ̀ asẹ́.

Ọjọ́ 19, oṣù 3. Mo wo omi bírékì. Ó pé.

Ọjọ́ 2, oṣù 4. Omi bírékì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún tutù. Mo pe mẹ́káníìkì, ọkọ̀ kò lọ sí ọjà.

Bí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ kékeré tí ó bu omi sí i, kí òun náà kọ ohun tí ó ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó wá sọ fún yín, kí ẹ bá a kọ ọ́. Ẹ má bá a jà nígbà tí ó bá ń sọ ọ́.